Ìjàpá Nínú Aṣálẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Volkswagen Kékeré àti Àwọn Tí Ó Tún Un Ṣe

Orí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn. Ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe roboto, èyí tí a ń pè ní Ìjàpá, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: bí a ṣe ṣe é, bí ó ṣe la aṣálẹ̀ kọjá, àti bí àwọn kan ṣe gé e, tí wọ́n dín in kù, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje lórí iyanrìn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè pé kí ni ó kan Ìjẹ̀bú nínú ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀, àwa tí òjò ń rọ̀ fún láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di oṣù Ọ̀wàrà. Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ tí ayé ń yìn nínú aṣálẹ̀ yẹn, a ti ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín lábẹ́ igi odán, a kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ. Àwọn ará Jámánì tí ó ṣe ọkọ̀ náà wò ó, wọ́n rí kòkòrò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà rí kòkòrò, wọ́n pè é ní Beetle, ìyẹn ni pé ìbátan yímíyímí ni. Àwa rí igbá ẹ̀yìn rẹ̀, a sì pè é ní Ìjàpá. Mo gbà pé orúkọ tiwa sàn jù. Ìjàpá inú àlọ́ kì í fi agbára ṣẹ́gun Erin tàbí Ẹkùn, nítorí kò ní agbára náà. Ohun tí kò ní gan-an ni ó máa ń sọ di ọgbọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí rí.

Ferdinand Porsche ni ó darí àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba Hitler fẹ́ ọkọ̀ tí owó mẹ̀kúnnù ká. Ìtumọ̀ Volkswagen náà kò ju ‘ọkọ̀ aráàlú’ lọ. Nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní ìlú Puebla ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003, iye tí a ti ṣe káàkiri ayé ti ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ó fúyẹ́, èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kò tó 900 kìlógíráàmù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ní búùtù sí. Ẹ́ńjìnnì náà kò sì ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ sí i lára àti ọ́ìlì tí ó ń yí nínú rẹ̀ ni ó ń mú un tutù.

Kí ni aṣálẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé agbára ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ wọ iyanrìn etí òkun rí yóò jẹ́rìí pé bí ènìyàn bá ṣe ń tẹ ìjánu eré tó, bẹ́ẹ̀ ni táyà ń gbẹ́ kòtò ti ara rẹ̀ tó. Iyanrìn kò dì mọ́ ara wọn. Bí ẹrù bá wúwo lójú kan, wọn a yà sọ́tùn-ún sósì, ẹrù a sì rì. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àbàtà. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ yóò rì dé orúnkún, ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ́ pákó sílẹ̀ tí ó dúró lé e, kò ní rì, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ kò fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ aṣálẹ̀ fi máa ń tú atẹ́gùn táyà sílẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó wọ iyanrìn. Táyà a tẹ́, ojú tí ó fi kan ilẹ̀ a gbòòrò, a sì di pákó fún ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ibi tí ìwúwo ọkọ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ni ó sì ń ti ọkọ̀ lọ. Táyà tí kò ní ẹrù lórí kì í di ilẹ̀ mú. A máa yí lásán. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá jókòó lé orí táyà tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, iwájú rẹ̀ a sì fúyẹ́, kì í fi imú gbẹ́ iyanrìn. Abẹ́ rẹ̀ tún tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà bí ó bá jókòó lé òkìtì, a máa yọ̀ kọjá ni.

Ẹ̀kẹta ni omi, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Nínú aṣálẹ̀, omi jẹ́ ti ènìyàn. Ọkọ̀ tí ó bá ní rédíétọ̀ ń bá ọlọ́kọ̀ pín omi mu. Bí rédíétọ̀ náà bá lu, ohun tí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yóò di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn láàárín ọ̀fun àti ẹ́ńjìnnì. Ìjàpá kò bá ẹnikẹ́ni du omi. N kò sọ pé kò ní àléébù o. Fáànù tí ó ń fa afẹ́fẹ́ ń fa eruku pẹ̀lú, bí fílítà kabúrétọ̀ kò bá sì mọ́, iyanrìn yóò lọ ẹ́ńjìnnì náà bí ọlọ ti ń lọ ata. Bí bẹ́líìtì fáànù bá já tí awakọ̀ kò tètè fura, ẹ́ńjìnnì náà yóò gbóná títí yóò fi dì. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kan àti sípánà méjì lè wọ inú àpò. Garawa omi mẹ́wàá kò lè wọ ibẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun Jámánì ti rí èyí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n gbé bọ́dì mìíràn ka orí ẹ́ńjìnnì àti ìdí Ìjàpá, tí wọ́n sì wà á nínú iyanrìn Líbíyà àti Íjíbítì. Lẹ́yìn ogun, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, a bẹ̀rẹ̀ eré ìje Safari ní 1953, tí ó ń gba inú eruku àti ẹrẹ̀ Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanganyika kọjá. Ìjàpá ni ó gba ipò kìíní ní 1954, ní 1957 àti ní 1962, ó sì fi àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn.

Èyí tí ó kàn wá jù ṣẹlẹ̀ ní 1966. Ọmọ Nàìjíríà kan, Newton Jibunoh, ọmọ Akwukwu-Igbo ní Ìpínlẹ̀ Delta òde òní, wa Ìjàpá láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó, òun nìkan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọ̀nà Sàhárà ti rí nígbà náà yóò mọ ohun tí mo ń wí. Lójú ọ̀nà tí ó gba Tamanrasset ní Àlùjíríà wá sí Agadez àti Kánò, ènìyàn lè wa ọkọ̀ fún nǹkan bí 400 kìlómítà láti Tamanrasset dé ẹnubodè, láìsí ọ̀dà, láìsí ilé ìtàjà epo. Àgbá àti òpó tí a rì mọ́lẹ̀ ni atọ́nà, ẹni tí ó bá sì ṣì wọ́n wò ti sọnù nìyẹn. Ẹ gbọ́ èyí ná: ní ìhà ìlà-oòrùn Agadez, igi kan ṣoṣo wà láàárín gbùngbùn Ténéré, tí kò sí igi mìíràn nítòsí rẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, tí a sì ń yà á sínú àwòrán ilẹ̀ bí ìlú. Ní 1973, awakọ̀ lọ́rì kan lọ kọlù ú, ó sì wó o. Bí aṣálẹ̀ ti lè tàn ènìyàn tó nìyẹn: ibi gbogbo ṣófo, síbẹ̀ awakọ̀ kò rí àyè yà fún igi kan.

Jibunoh padà sínú aṣálẹ̀ náà nígbà tí ó yá, ó dá ẹgbẹ́ FADE sílẹ̀ láti máa gbin igi tí yóò dá aṣálẹ̀ dúró ní Àríwá, ó sì kọ ìwé lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí, Me, My Desert and I. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ yìí sí ọkàn, nítorí n óò padà sí i.

Ọkọ̀ tí Jibunoh wà kì í ṣe ọkọ̀ eré ìje. Kí a tó lè rí ibi tí Ìjàpá ti di ọkọ̀ eré ìje nínú aṣálẹ̀, a ní láti sọdá òkun lọ sí Baja California, ilẹ̀ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Mẹ́síkò, tí òkun wà lọ́tùn-ún rẹ̀ àti lósì, tí àárín rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, òkúta àti igi ẹlẹ́gùn-ún. Ní 1962 àwọn ọlọ́kadà méjì gba ibẹ̀ kọjá láti Tijuana dé La Paz, èkíní nínú wọn sì lò díẹ̀ sí wákàtí 40. Ọkùnrin kan wà ní California tí ń jẹ́ Bruce Meyers, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi fáíbà ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ní 1964 ó ṣe bọ́dì fáíbà kan fún Ìjàpá. Nígbà tí ó yá, ó rí i pé bí òun bá ṣí igbá ẹ̀yìn Ìjàpá kúrò pátápátá, tí òun gé nǹkan bí 36 sẹ̀ǹtímítà kúrò lára ṣásí rẹ̀, tí òun sì gbé bọ́dì fáíbà náà kà á, ohun tí ó kù yóò fò lórí iyanrìn bí ẹ̀tà. Ó pè é ní Meyers Manx. Ní 1967 òun fúnra rẹ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ fi wákàtí 34 àti ìṣẹ́jú 45 rin ọ̀nà Baja náà. Nígbà tí ọdún náà yóò fi parí, a ti ṣètò eré ìje gidi sí ibẹ̀, Manx ni ó sì gba ipò kìíní nínú àwọn ọkọ̀, ó lo wákàtí 27 àti ìṣẹ́jú 38. Eré ìje yìí ni a mọ̀ sí Baja 1000 lónìí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lówó àtira bọ́dì titun. Àwọn ọ̀dọ́ tí Ìjàpá àgbà wà lọ́wọ́ wọn mú ayùn. Wọ́n gé imú ọkọ̀ náà kúrú, wọ́n gé irin tí ó bo táyà kí táyà ńlá lè rí àyè wọlé, wọ́n sọ bọ́ńpà nù. Wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè rí i dáadáa, wọ́n sì yí ẹnu sàlẹ́ńsà sókè kí òkúta má baà fà á já. Irin pẹlẹbẹ nípọn lọ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Páìpù irin lọ yí inú ọkọ̀ ká, kí orí awakọ̀ má baà fọ́ bí ọkọ̀ bá takítì. Ṣọ́ọ̀kì di méjì níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀. Àga ẹ̀yìn, ìtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀, àti gbogbo ọ̀ṣọ́ ni wọ́n kó jáde. Ohun tí ó jáde nínú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Baja Bug. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí wọ́n mú kúrò ju ohun tí wọ́n fi kún un lọ. Títí di àwọn ọdún wa yìí, ìsọ̀rí kan ṣì wà nínú Baja 1000, tí a ń pè ní ìsọ̀rí 11, fún Ìjàpá tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kàn rárá. Bí wọ́n bá parí eré náà láàyè, àwọn ènìyàn a hó ju bí wọ́n ti hó fún ẹni tí ó gba ipò kìíní lọ.

Aṣálẹ̀ tiwa náà di pápá eré ìje. Thierry Sabine, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọnù nínú rẹ̀ ní 1977, a rí i, ó sì padà lọ ṣètò eré Paris sí Dakar. Ọkọ̀ àti alùpùpù 182 ni ó gbéra ní òpin 1978, 74 ni ó dé Dakar ní oṣù kìíní 1979. Nínú èyí àkọ́kọ́ yìí, Claude àti Bernard Marreau, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wa Renault 4, ọkọ̀ kékeré tí àwọn àgbẹ̀ Faransé fi ń kó ẹ̀fọ́, wọ́n sì ṣe ipò kejì nínú àwọn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà owó ńlá wọ inú eré náà, àwọn ọkọ̀ kékeré sì di ẹlẹ́yìn. N kò lè sọ pé mo kẹ́dùn nígbà tí eré náà fi Áfíríkà sílẹ̀ lẹ́yìn 2007. Àwọn ọmọdé kú ní ẹ̀bá ọ̀nà rẹ̀, ní abúlé tí àwọn olùdíje kò lè pe orúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a darí sílé wàyí. Ní oṣù kẹta 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, láti inú àwọn ẹ̀yà tí ó ń bọ̀ láti Bràsíl. Ọdún yẹn náà ni owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti ara owó yẹn di ọlọ́kọ̀, Ìjàpá sì kún Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọ̀nà Jámánì ni wọ́n ń wà á sí. Ẹni tí a gbé lọ kọ́ni ní apá igbó J4, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ojú ọ̀nà tí agbégilódò ti gbẹ́ di poro ni ó ń gbà. Bí táyà rẹ̀ bá bọ́ sínú poro náà, abẹ́ ọkọ̀ a gùn ún. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì, wọ́n ní kí ó bá àwọn gbé ìdí rẹ̀ sókè.

Mo ti jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì wọ̀nyí, bàbá tí ó ti lé ní 80 ọdún, láàárín ìgboro yìí. Iṣẹ́ tí ó ṣàlàyé fún mi ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí. Kò sí súpíríìnì bíi ti lọ́rì lábẹ́ ẹ̀yìn Ìjàpá. Ọ̀pá irin kan ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan nínú páìpù. Bí táyà bá gun òkìtì, a fún ọ̀pá náà bí a ti ń fún aṣọ tí a fọ̀. Bí òkìtì bá tán, a tú ara rẹ̀. Orí ọ̀pá náà méjèèjì ní eyín. Eyín 40 wà ní orí ti inú, 44 wà ní ti òde. Bí a bá yí ti inú síwájú ní eyín kan, tí a sì yí ti òde sẹ́yìn ní eyín kan, ohun tí ó yí gan-an kò ju ìdá kan nínú 440 àyíká lọ. Ọgbọ́n yìí ni ó jẹ́ kí a lè gbé ọkọ̀ sókè tàbí kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ó bá ti wù wá. Bàbá náà kò ka eyín náà rí. Ó fi ìka wọn ọkọ̀ náà, láti ẹnu irin dé orí táyà: ìka mẹ́ta fún ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ìka márùn-ún fún J4, ‘bí ó bá sì ju márùn-ún lọ, ọkọ̀ yóò máa ṣe bí ẹni tí ó wọ bàtà onígìgísẹ̀, yóò ṣubú ní kọ́nà.’ Òtítọ́ ni. Táyà ẹ̀yìn Ìjàpá àtijọ́ a máa ká sínú bí ìdí rẹ̀ bá ga jù. Ohun tí àwọn ará California mọ̀ lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti dojú dé náà nìyẹn.

Mo bi í léèrè pé mélòó nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó mọ ìwọ̀n ìka náà. Ó ní àwọn tí ó gba fírídọ̀mù lọ́wọ́ òun mọ̀ bí a ti ń tú ọ̀pá náà, ṣùgbọ́n òun máa ń rán wọn níṣẹ́ lọ ra nǹkan nígbà tí ó bá kan dídá a padà. ‘Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Ọ̀gá Tíṣà, bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n, ta ni yóò tún wá sọ́dọ̀ mi?’

N kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yẹn, nítorí Meyers bi ara rẹ̀ ní irú rẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí Manx, àwọn ẹlòmíràn daakọ rẹ̀, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, adájọ́ sì fagi lé ìwé àṣẹ náà. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ta nǹkan bí 6,000 bọ́dì kí ó tó ti ìlẹ̀kùn ní 1971. Àwọn adàwòkọ ta ìlọ́po-ìlọ́po iye yẹn. Ó pàdánù owó, ó sì bínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nítorí pé ohun tí ó ṣe wà nínú mọ́ọ̀dù, nínú àwòrán àti nínú ìwé, kò sí orílẹ̀-èdè tí ènìyàn kò ti lè ṣe é lónìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè bí wọ́n bá ń ṣe é. Ní tiwa, a dáàbò bo ọgbọ́n náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni tí ó ni ín wọ ilẹ̀. Àwa tí a wà ní yunifásítì kò sì lè dá mẹkáníìkì nìkan lẹ́bi. A ti gba oríkì ìlú, a ti gba ìtàn ọba, a ti gba orúkọ ewé sílẹ̀; èmi kò tíì rí ìwé kan tí a fi èdè Yorùbá kọ lórí bí a ṣe ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó ń ṣe é ní èdè tí wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀pá tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, bàbá yìí ń pè é ní ‘iṣan’. Bí ọ̀pá náà bá ti gbó tí kò tú ara rẹ̀ mọ́, yóò ní ‘iṣan ti sùn’. Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ṣe rẹ́gí tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ kékeré kò tíì dẹ́kun lílà aṣálẹ̀. Ní 2024, Pelumi Nubi, ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wa Peugeot 107 láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó, òun nìkan, ó sì gbé àgọ́ ka orí ọkọ̀ náà kí ó lè máa sùn síbẹ̀. Ní ti Ìjàpá, ó ti wọ́n ní ìgboro wa. A kò to ó ní Ọ̀jọ́ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó gba ipò rẹ̀.

Bàbá mẹkáníìkì náà ti gbà láti fi gbogbo iṣẹ́ iṣan hàn wá, títí kan dídá a padà, bí a bá gbé ọkọ̀ tí òun lè fi ọwọ́ kàn wá fún òun. A ti rí Ìjàpá 1300 kan lẹ́yìn ilé olùkọ́ àgbà kan ní Molípà. Kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́, adìyẹ ti yé sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì pé. Méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò máa ya àwòrán, ẹnì kan yóò máa gba ohùn bàbá náà sílẹ̀, èmi yóò sì máa ka eyín.